Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Agogo

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin yìí ní Agogo. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó ń kọjá lójú títì á gbọ́ ọ, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó bá a dé ilé ìwé, ó bá a dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó di akọ̀wé Ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tó ń fi irin ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn tí yóò fi máa pè é.

Bàbá rẹ̀ ló mú un wọ ilé iṣẹ́ náà. Bàbá yìí ni olórí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ti jáde, kò sì sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ àfi Ọ̀gá nìkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Agogo lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ nígbà náà tí gbogbo ilé iṣẹ́ wọn ń lé kiri. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun kan, àwọn alákòóso rẹ̀ sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa lò. Ilé iṣẹ́ méjì péré ló kù nínú ìdíje: tiwọn, àti ọ̀kan tó wà ní ìkángun kejì ìlú. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n oníṣirò ilé iṣẹ́, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí Ọ̀gá bá ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n máa bèèrè dé. Ariwo abọ́ àti ṣíbí gba ilé oúnjẹ náà kan, oníṣirò kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Ni Agogo bá gbé ohùn sókè. Ó sọ iye náà. Ó sọ ibi tí Ọ̀gá lè bọ́ sílẹ̀ dé bí wọ́n bá ń dúnàádúrà. Ó dárúkọ ilé ìwòsàn, ó sọ irú irin tí wọ́n fẹ́ lò, nígbà tí oníṣirò sì ní òun ò tíì gbọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dìde, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, àbàwọ́n dúdú pẹ́ńsùlù sì wà lára àwọn ìka rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Ẹ dúró ná. Ilé iṣẹ́ tí ẹ jọ ń díje yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí Agogo lára. Ó pa fóònù. Ó bi ọkùnrin náà láti ibo ló ti ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni, àfìgbà tó dárúkọ ilé ìwòsàn. Pé òun wúkọ́, òun tún wúkọ́, kò gbọ́. Ó ní òun ì bá kàn jáde, ṣùgbọ́n bí òun bá jáde láìsọ fún un, kò ní yàtọ̀ sí pé òun jalè. Ó tẹríba fún un, ó sanwó oúnjẹ tí kò tíì jẹ dé ìdajì, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn Agogo kò balẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Ọ̀gá bá pè é, á kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí bàbá rẹ̀ bá ń kọjá lọ pẹ̀lú awò iṣẹ́ tó fi ń bo ojú nídìí iná lórí rẹ̀, á ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀ kí ojú wọn má bàa pàdé. Gbogbo ìgbà ló ń rò ó pé bóyá ọkùnrin yẹn ti ń sọ ọ́ nísinsìnyí, bóyá ó ti sọ ọ́ tán, bóyá wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín ní ìkángun ìlú lọ́hùn-ún.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ sí ilé oúnjẹ náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkùnrin náà jẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó bá a níbẹ̀. Ó jókòó níwájú rẹ̀ láì gbàṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán.

"Kò sí ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí sí," ó ní. "Ohun tí mo gbọ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ayàwòrán ni. Òun ló ń ya bẹ́ẹ̀dì àti àga sórí bébà kí àwọn oníṣẹ́ irin tó ṣe wọ́n. Kò lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tún pàdé, wọ́n tún pàdé, kò sì pẹ́ tí Agogo kò fi lè tan ara rẹ̀ mọ́ pé ẹ̀rù nìkan ló ń gbé òun wá. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Torí náà, ohun tó kù láyé ni wọ́n ń sọ. Ayàwòrán sọ fún un nípa ìyá rẹ̀, tó máa ń bá òdòdó tó gbìn sójú fèrèsé jà bí wọn kò bá tètè tanná. Agogo sọ fún un nípa bàbá rẹ̀, tó máa ń hanrun débi tí dígí á fi máa gbọ̀n, tó sì ń búra láràárọ̀ pé òun ò sùn rárá. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbàgbé "ẹ" tó sì pè é ní "ìwọ", òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Agogo ní kó máa pe òun bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan kọ Agogo lóminú lásìkò yẹn. Ayàwòrán, tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó tètè jáde tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé. Agogo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé òun lọ sídìí àga àwọn ọmọ ilé ìwé. Agogo mọ̀ pé ìfàsẹ́yìn nìyẹn, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Kò bi í síwájú sí i.

Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹnì kan, inú ìyá dùn títí wọ́n fi dé orí ibi tí ẹni náà ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bàbá kò pariwo. Ó kàn bèèrè pé nínú gbogbo ọkùnrin tó ń rìn lójú títì, ṣé ti ibẹ̀ yẹn nìkan ni ojú rẹ̀ rí.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ló dá sí i. Ó ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, kí òun fi ojú òun rí i. Ayàwòrán lọ. Àǹtí ń rán bọ́tìnnì, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó ń wò ó láti abẹ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó sọ fún àwọn ará ilé pé aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kì í sá, àti pé òun bi í lọ́nà oríṣiríṣi nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó dáhùn. Ó lọ bá bàbá ní ọgbà lẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí bàbá gbà ni pé kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn parí ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà lè wá kí òun.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì parí. Ilé iṣẹ́ tó wà ní ìkángun ìlú ló gbé iṣẹ́ náà lọ.

Bàbá wọlé lọ́jọ́ náà, ó jókòó láì bọ́ bàtà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe bẹ́ẹ̀dì òun, òun fi ọwọ́ ara òun dán an wò. Ó ní ẹnì kan ló ta àwọn. Ó wá gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn," ó ní. "Kí lo sọ fún un?"

Agogo dáhùn pé òun kò sọ nǹkan kan fún un. Òótọ́ ni. Kò sọ fún un rí. Ńṣe ló gbọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja, kò gbé e mì, kò pọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró de Ayàwòrán ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ti máa ń pàdé. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, ó sì fà á lọ sí ẹ̀yìn ibẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn. Ó bi í bóyá ó sọ ọ́. Ìbéèrè ni Ayàwòrán fi dá a lóhùn.

"Kí ni ìwọ rò?"

"Mi ò mọ ohun tí mo rò. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Sọ fún mi bí ẹ ṣe rí iṣẹ́ náà gbà."

"Bí a ṣe rí i gbà, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ wa ni. Mi ò lè sọ ọ́."

"Fún èmi náà?"

"Fún ìwọ náà. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó jẹ́ tèmi láti sọ nìyẹn."

Agogo ní ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ní rárá, kò rọrùn. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì náà ń lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Agogo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé kí àwọn méjèèjì fòpin sí ìbáṣepọ̀ àwọn. Ayàwòrán fèsì pé òun ti gbọ́.

Bí ó ṣe rò pé ara òun máa fúyẹ́, ńṣe ló túbọ̀ wúwo. Kò lè jókòó síbi kan. Á dìde lọ wo fèrèsé, á padà, á ṣí fóònù, á tún pa á. Nígbà mìíràn, á ní ta ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní lò ó? Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á rí ọkùnrin yẹn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìka dúdú rẹ̀. Nígbà kan, ó rí i ní òdìkejì títì, ó di páálí ńlá mọ́ra, afẹ́fẹ́ sì ń bá a fà á. Ó fẹ́ pè é. Ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò jáde.

Àǹtí Aránṣọ ló ní kó wá wọn aṣọ. Kò sí aṣọ kankan tí wọ́n fẹ́ rán. Àǹtí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó sì ní kó sọ ọ́. Ibẹ̀ ni Agogo ti kọ́kọ́ ṣí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ náà payá fún ẹnikẹ́ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibùdókọ̀. Àǹtí kò bá a wí.

"Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ yẹn," ó ní, "ó dìde wá bá ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹni tó fẹ́ tà ọ́, ṣé á dìde? Ṣebí ńṣe ló máa ní kí wọ́n bu oúnjẹ sí i fún òun, kó lè jókòó pẹ́."

Agogo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ó sunkún títí aṣọ tí Àǹtí nà fún un láti nu ojú fi tutù, ọ̀kan nínú aṣọ oníbàárà sì ni. Ó gbà á gbọ́ láti ìṣẹ́jú náà lọ. Kò sí ẹ̀rí tuntun kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Kò lọ bá Ayàwòrán lẹ́sẹ̀ kẹsẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá dákẹ́, orúkọ ọkùnrin náà ni yóò máa wà nínú ẹrẹ̀ nílé àwọn. Ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá ní òwúrọ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe bàbá òun wá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ojú bàbá rẹ̀ ń le sí i. Nígbà tó parí, Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀.

"Ilé ìwòsàn ti fi iye tí ilé iṣẹ́ kejì bèèrè hàn wá," Ọ̀gá ní. "Tiwọn ju tiwa lọ. Bí wọ́n bá mọ tiwa, ṣé wọ́n á bèèrè jù ú lọ?"

Bàbá ní kí ló wá dé tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀gá wo ògiri, ó wo tábìlì. Ó wá sọ fún un, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ikú, pé àwọn nọ́ọ̀sì gbìyànjú bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, wọ́n sì ní èyí tí bàbá ṣe wúwo láti gbé orí rẹ̀ sókè. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀, òun ò kàn mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún un ni.

Bàbá bọ́ awò iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. Ní ti Agogo, Ọ̀gá ní kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà òun mọ́. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé irin. Agogo dúpẹ́, ó kó ife àti súwẹ́tà rẹ̀, ó sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ bá Ayàwòrán nílé. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò pẹ̀lú àwọn òdòdó alágídí. Ohun tí Ọ̀gá sọ nínú ọ́fíìsì, Agogo kò mẹ́nu kàn án. Ó sọ pé òun wá tọrọ àforíjì, àti pé òun gbà á gbọ́.

Ayàwòrán ní òun gbọ́ pé ilé ìwòsàn ti fi iye ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan han èkejì, ṣé èyí ló gbé e wá.

"Kó tó di ìyẹn ni mo ti gbà ọ́ gbọ́," Agogo ní.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"O ò lè mọ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan. Àfi kí ìwọ náà gbà mí gbọ́."

Ayàwòrán yí ojú sí fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí Agogo fi ń wá ibi tó gbé báàgì rẹ̀ sí. Agogo bi í bóyá tìtorí òun ni wọ́n ṣe gbé e lọ sídìí àga ilé ìwé. Ayàwòrán ní òun fẹ́ràn àga náà. Ìgbà náà ló yé Agogo pé Ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kó yọ òun kúrò nínú iṣẹ́ ilé ìwòsàn, láì sọ ìdí. Kò bi í mọ́. Ayàwòrán wá jókòó tì í.

"Mo gbọ́," ó ní. "Mo gbà."

Bàbá nìkan ló kù. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ní ọ̀sán kan tí kò sí iṣẹ́, ó wọ aṣọ tó dára, ó ní kí Agogo tẹ̀ lé òun. Ilé ìwòsàn tuntun ni wọ́n lọ. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé wẹ́dà lòun, òun fẹ́ wo bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì mú wọn lọ sí yàrá kan tí wọn kò tíì gbé aláìsàn sí. Bàbá fi ìka kan tẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì náà sì gbéra bí ẹni ń jí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dùbúlẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀, tí kò kù ju bàtà rẹ̀ lọ níta. Nígbà tó jáde, eruku wà ní eékún rẹ̀.

"Ní kó wá kí mi," ó ní.

Ayàwòrán wá ní ọjọ́ ìsinmi. Ìyá gbé tíì kalẹ̀, Àǹtí Aránṣọ náà wà níbẹ̀. Bàbá kò bèèrè ìdílé rẹ̀, kò bèèrè ibi tó ń gbé. Ó bi í bóyá òun ló ya bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ayàwòrán ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, pé òun ti yà á tipẹ́, kí òun tó mọ Agogo rárá. Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní ó ku ohun kan tí òun ò rí ìdí rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Ó ní irin méjì pàdé níbi ọrùn bẹ́ẹ̀dì náà, kò sì yé òun bí wọ́n ṣe gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ṣàlàyé fún òun.

Ayàwòrán gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ fún yín."

Àǹtí Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo etí aṣọ rẹ̀ bí ẹni rí fọ́nrán tó tú. Bàbá dìde, ó ní kí Ayàwòrán sin òun jáde.

Ojú fèrèsé ni Agogo lọ dúró sí. Ó rí wọn lẹ́nu géètì. Bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì mọ nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbé e sókè. Ayàwòrán tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà, òun náà sọ nǹkan ní ṣókí, bàbá sì dáwọ́ dúró. Agogo ṣí fèrèsé díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n wọlé. Bàbá jókòó, ó gbé tíì tó ti tutù, ó mu ún.

"Sọ fún ìyá rẹ," ó ní fún Ayàwòrán, "kí wọ́n wá rí wa."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó yí. Agogo ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà nípa ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu géètì náà: nígbà tí inú ọkọ náà dùn, nígbà tí wọ́n jà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn tó sì rò pé ọkọ yóò ṣàánú òun. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni," ni ọkọ rẹ̀ máa ń dáhùn. Ó bi bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó lọ bi ọkọ rẹ̀.